Àgbéyẹ̀wò Ìdì Lẹ́tà Kan Láti Inú Ọkọ̀ Agbóúnjẹ USS Bridge

Ọwọ́ òǹtajà kan tó ń ta lẹ́tà àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ni mo ti ra ìdì yìí. Àpò lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún nínú ọkọ̀ USS Bridge ni gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń kó oúnjẹ lọ bá àwọn ọkọ̀ ogun wọn. Ọjà náà dára, owó tí mo san kò sì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tó yẹ ni òǹtajà náà ṣe nígbà tó ń dá iye lé wọn: àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ló kó sí ìsàlẹ̀ ìdì bí ẹni pé èènì ni wọ́n.

Ọkọ̀ Bridge kì í ṣe ọkọ̀ tí ìròyìn rẹ̀ kún ìwé ìtàn. Ní Boston Navy Yard ni wọ́n ti tì í sómi ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1916, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Àmì AF-1 tí wọ́n fún un fi hàn pé òun ló ṣáájú nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ agbóúnjẹ. Orúkọ Horatio Bridge ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó oúnjẹ àti aṣọ àwọn ọmọ ogun ojú omi láti ọdún 1854 títí di ọdún 1869. Kí ọkùnrin yìí tó di ọ̀gá, òun ló ń ṣe ìṣirò owó nínú ọkọ̀ Saratoga nígbà tí ọkọ̀ náà wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1843 sí 1844, lára àwọn ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán wá láti dènà àwọn tó ń kó ẹrú. Àkókò yẹn kan náà ni Akítóyè wà lórí oyè ní Èkó, tí òwò ẹrú kò sì tíì kúrò ní èbúté ibẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tó wà lórí òǹtẹ̀ wọ̀nyí kò jìnnà sí wa tó bí ó ṣe lè dà bíi lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i.

Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1908 ló fàyè gbà á pé kí wọ́n yan akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀, kí pósítọ́fíìsì sì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òǹtẹ̀ irú pósítọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní òbìrìkìtì tí orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń pa sítáàmpù kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Àárín àwọn ìlà yìí ni ẹwà iṣẹ́ náà wà, nítorí pé akọ̀wé lè to lẹ́tà kéékèèké síbẹ̀ láti sọ èbúté tí ọkọ̀ wà tàbí ọjọ́ pàtàkì tí wọ́n ń ṣe, bí ọjọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Universal Ship Cancellation Society sílẹ̀ ní ọdún 1932, àwọn tó ń kó òǹtẹ̀ jọ ti ń fi àpò lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé ọkọ̀, wọn a lẹ sítáàmpù mọ́ ọn, wọn a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lu òǹtẹ̀ rẹ̀ kí ó hàn ketekete.

Irú èyí ló pọ̀ jù nínú ìdì tí mo rà. Àwòrán ìdákọ̀ró, àsíá àti ọkọ̀ aláràbarà wà lápá òsì wọn, owó gọbọi sì ni òǹtajà náà lé wọn nítorí àwòrán ọ̀hún. Mi ò fara mọ́ ọn. Lórí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán bẹ́ẹ̀ kí àpò lẹ́tà tó dé inú ọkọ̀, irú àwòrán kan náà sì lè wà lórí lẹ́tà ọkọ̀ púpọ̀, nítorí náà kò sọ ohunkóhun fún wa nípa Bridge. Èyí tí mo yọ̀ sí jù nínú wọn kò ní àwòrán rárá: San Pedro ni wọ́n tò sáàárín ìlà rẹ̀, èbúté California tó jẹ́ ibùdó àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, tàdáwà rẹ̀ sì dúdú dáadáa.

Àwọn lẹ́tà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni òǹtajà náà pè ní aláìlámì, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wọ́n tọrẹ. Òótọ́ ni pé wọn kò wu ojú. Kò sí sítáàmpù lórí wọn, nítorí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1942 ni àwọn ọmọ ogun ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó kọ ọ́ á kàn kọ “Free” sí igun òkè lápá ọ̀tún. Òǹtẹ̀ wọn kò dárúkọ ọkọ̀ kankan, “U.S. Navy” nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí pé bí ọ̀tá bá mọ ibi tí ọkọ̀ agbóúnjẹ wà, yóò mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ogun tó ń jẹ oúnjẹ náà kò jìnnà. Òǹtẹ̀ ọ̀gá tó yẹ lẹ́tà wò wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tó fi hàn pé inú Bridge ni lẹ́tà náà ti wá ni igun òkè lápá òsì, níbi tí ọmọ ogun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ àti Fleet Post Office (pósítọ́fíìsì tí lẹ́tà àwọn ọkọ̀ ogun ń gbà kọjá), San Francisco. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba yọ kúrò nínú òǹtẹ̀ wá di ohun tí gègé atukọ̀ kan pa mọ́ fún wa, mo sì ka èyí sí iyebíye ju gbogbo àwòrán inú ìdì náà lọ.

Ìdí nìyí tí inú mi fi bàjẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn, tí ẹni tó ṣí i láyé ijọ́un fi abẹ gé etí òsì rẹ̀, tó sì gé orúkọ ọkọ̀ sí méjì. Òǹtajà kò mẹ́nu kan èyí nínú àlàyé rẹ̀. Ó tún lẹ ìwé iye owó mọ́ ojú àwọn kan, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ní ti ìyókù, ó ṣe dáadáa: ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ó dáhùn ìbéèrè mi kíákíá, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ẹ̀yà òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn ní ìlànà pípín òǹtẹ̀ sí ẹ̀yà-ẹ̀yà tí Francis Locy fi lélẹ̀, èyí tí gbogbo àwọn tó ń kó òǹtẹ̀ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà jọ ń lò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìdì yìí, kó béèrè àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó wo igun òsì dáadáa kó tó sanwó. Mo ti kọ̀wé sí òǹtajà náà pé tí ti ìgbà ogun mìíràn bá bọ́ sí i lọ́wọ́, kó fi wọ́n pa mọ́ dè mí, kó má sì lẹ ohunkóhun mọ́ wọn.