Streets of Rage 4: ẹ má gba Blaze lọ́wọ́ mi o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé màá dúró sáàárín lórí Streets of Rage 4, géèmù ìjà ojú títì yìí, ọmọ Sega, ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn ti àtijọ́, ni mí. Ilé géèmù kan wà lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn nígbà yẹn, bẹ́ǹṣì kan, tẹlifíṣàn méjì, ẹ ó sanwó fún bọ̀dá tó ni ín, ẹ ó jókòó, tí láìfù yín bá ti tán ẹ dìde kí ẹlòmíì jókòó, kò sí ẹjọ́. Káséètì Streets of Rage 2 tó wà níbẹ̀ ti gbó débi pé a gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú. Gbogbo àwọn ọmọkùnrin ló máa ń jà sí Axel, ọkùnrin tá a lè fi jà nínú ẹ̀. Èmi, Blaze ni tèmi, obìnrin aláṣọ pupa tó ń gbé géńdé ọkùnrin ṣánlẹ̀ bí ẹní ń sọ àpò gàrí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ú, nígbà tó yá ńṣe ni wọ́n ń pe èmi gan-an ní Blaze.

Ẹ rántí ariwo tí Axel máa ń pa tó bá fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ oníná yẹn lu èèyàn? Grand Upper ló ń wí o. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, kí n tó mọ̀. Ládùúgbò wa Gbàńdọ́pà la gbọ́, Gbàńdọ́pà náà la sì ń pariwo tá a bá ń bára wa ṣeré ìjà lójú títì, títí ìyá ẹnì kan á fi yọ pàṣán.

Géèmù àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ìkejì ní 1992, ìkẹta ní 1994, ó parí. Ọdún 26 gbáko, kò sí ìkẹrin! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìkẹta yẹn, òun náà ti lè máa sanwó ilé ìwé ọmọ. Ìgbà tí wọ́n kéde ìkẹrin ní 2018 mi ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn, àfi nígbà tó di 30 April 2020, tí kòrónà ti há gbogbo wa mọ́lé, tó jáde lóòótọ́. Kì í sì í ṣe Sega fúnra ẹ̀ ló ṣe é, Lizardcube àti Dotemu tó wà ní Paris pẹ̀lú Guard Crush Games láti Kánádà ni. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé àwọn wọ̀nyí á bà á jẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n jí géèmù àtijọ́ dìde tó jẹ́ pé wọn ì bá kúkú jẹ́ kó sùn, wọ́n á kùn ún rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó tẹ bọ́tìnì, ẹni yín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó bóyá kí òun gbọ́wọ́ sókè.

Wọn ò bà á jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya àwòrán ẹ̀, ó ń dán, ó lọ́ràá, ìtàn ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 10 lẹ́yìn ìkẹta, Axel ti ki, ó ti dá irùngbọ̀n sí bí ẹni tí ìyàwó lé jáde, Blaze ò gbó rárá (ẹ ṣáà máa wò ó). Àmọ́ ẹ di ẹnì kan mú lọ́rùn báyìí, ọwọ́ yín fúnra ẹ̀ á rántí. Ẹ fi orúnkún gbá a nínú, ẹ gbé e jù sẹ́yìn, àwọn tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn yín á dà wó lé ara wọn bí ìgò ọtí. Bó ṣe rí ní 1992 náà nìyẹn, ìwúwo ẹ̀ṣẹ́ yẹn, ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn tí ẹ̀ṣẹ́ bá wọlé, kò yàtọ̀.

Ibi tó ti ń dun àwa tá a gbá a láyé àtijọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Nígbà yẹn tí wọ́n bá ká yín mọ́, spẹ́ṣà, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀, á gbà yín sílẹ̀, àmọ́ á jẹ nínú páwà yín, ìyẹn ẹ̀mí yín nínú géèmù, ohun tó bá sì jẹ ti lọ nìyẹn, fún ìdí yìí ahun la máa ń ṣe, a ó fi í pamọ́ títí a ó fi kú. Ní báyìí, páwà tí spẹ́ṣà bá jẹ á ṣì wà níbẹ̀, á kàn di àwọ̀ ewé, bí owó tẹ́ ẹ yá. Tẹ́ ẹ bá lu àwọn èèyàn láìjẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín, ẹ ó máa gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìgbájú kan ṣoṣo bà yín, gbogbo gbèsè yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó, nǹkan kékeré yìí ló sọ mí di ògbójú. Mo tún rí i pé tẹ́ ẹ bá ju ẹnì kan mọ́ ògiri ó ń ta padà bí bọ́ọ̀lù, ẹ lè tún pàdé ẹ̀ lófuurufú kẹ́ ẹ máa gbá a lọ, tí wọ́n bá sì ju ọ̀bẹ sí yín ẹ lè hán an kẹ́ ẹ sọ ọ́ padà sí wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbá kóńbò kan (ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ léra láìdúró) tó gùn débi pé mo dìde dúró níwájú tẹlifíṣàn láìmọ̀.

Stéèjì tí mo fẹ́ràn jù ni ìkejì, nínú àgọ́ ọlọ́pàá. Inú sẹ́ẹ̀lì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá máa fi jáde ẹ ó bá àwọn ọlọ́pàá àtàwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń fi igi lura wọn, ẹ lè kàn rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bára wọn parí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá gbálẹ̀. Ní 1991 ọ̀rẹ́ wa ni ọlọ́pàá inú géèmù, ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, ọkọ̀ wọn á yọ láti ẹ̀yìn, á da iná sí gbogbo títì. Ayé ti yí. Níbẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rọ géèmù kan tó dúró, ẹ mú taser tí àwọn ọlọ́pàá fi ń gbé èèyàn níná yẹn, ẹ fi gbá a. Mi ò ní sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó dáa, mo sọ ọ́: á fà yín wọnú géèmù ti 1992, ẹ ó máa bá Jack, ọ̀tá kan níbẹ̀, jà. Mo pariwo débi pé ọkọ mi sáré jáde láti ilé ìdáná.

Ó ní ẹjọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló pé. Orin ni àkọ́kọ́. Yuzo Koshiro àti Motohiro Kawashima tó ṣe orin àtijọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Olivier Deriviere ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, orin ẹ̀ dáa, ó ń bá ìjà yẹn yípadà, ṣùgbọ́n mi ò bá ara mi ní ibi tí mo ti ń kọ ọ́ nílé ìwẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. (Ẹ lè yan orin àtijọ́ nínú sẹ́tíǹgì.) Ìtàn ẹ̀ fúyẹ́, àwọn ọmọ Mr. X, olórí àwọn ọ̀daràn inú géèmù àtijọ́, ìbejì, ló fẹ́ gba ìlú, àwòrán tí kì í rìn ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ fò ó. Eléyìí tó bí mi nínú ni pé nínú àwọn tẹ́ ẹ lè mú láti ìbẹ̀rẹ̀, Cherry, ọmọbìnrin tuntun kan, nìkan ló lè sáré, nígbà tó jẹ́ pé ní ìkẹta gbogbo wọn ni wọ́n ń sáré! Axel kàn ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń lọ gbowó ìfẹ̀yìntì. Èèyàn mẹ́rin lè gbá a nínú yàrá kan náà, àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì méjì péré ni, èmi àti bọ̀dá mi tó wà nílùú òyìnbó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ni kò jẹ́.

Dọ́là 24.99 ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, ẹ má jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ sí náírà, ẹ dúró dè é kí wọ́n já owó ẹ̀. Àfikún ẹ̀, Mr. X Nightmare, jáde ní July 2021, ẹ lè fi Shiva, Max àti Estel jà níbẹ̀, ó tó owó ẹ̀. Ti fóònù tó jáde ní 2022 ńkọ́? Ìka mi ló ń bo ẹni tí mò ń lù. Àwọn Lizardcube yìí kan náà ló tún jí Shinobi, géèmù Sega àtijọ́ mìíràn, dìde ní August 2025, ìyẹn ṣì ń bọ̀ wá gba dátà mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti Adam. Géèmù àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ti jẹ́ ká fi Adam jà, ní ìkejì wọ́n jí i gbé, ó di ẹni tá à ń wá kiri. Ní ìkẹrin, tẹ́ ẹ bá parí stéèjì kẹrin, á dé, èèyàn dúdú, ọkùnrin gidi. Cherry, ọmọ ẹ̀ obìnrin, sì ti wà láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, gìtá ló fi ń là wọ́n lórí. Mo ti ṣètò ẹ̀ lọ́kàn mi pé Cherry lọmọ mi máa mú tá a bá fẹ́ gbá dọ́búùlù, ọmọ ọdún 9 ni, ó ń sáré, ó ń fò, irun ẹ̀ rí bíi tiẹ̀, kí ló tún kù. Ó wo gbogbo wọn yí ká, ó tẹ Blaze.

Mo ní, «Blaze ni mọ́mì máa ń mú.» Ó ní, «Ẹ ti mú un tẹ́lẹ̀ kẹ̀.»

Ohun tó kó mi yọ ni pé tí máàkì tẹ́ ẹ ń gbà bá ti ń pọ̀, wọ́n á máa ṣí àwọn ẹni àtijọ́ fún yín, 12 ni wọ́n, Blaze mẹ́ta ló sì wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti géèmù kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe rí nígbà yẹn gan-an. Torí náà èmi ni mo mú ti 1992. Ó kéré, ó rí jágajàga bí èyí tí wọ́n fi bíríkì tò, ó ń gbé géńdé ṣánlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ mi tó ń dán. Ọmọ yẹn sì jẹ adìyẹ inú géèmù, èyí tó ń dá páwà padà, tí mo fi pamọ́ de ara mi.