Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Ohun Èlò Eré Ìje Ọkọ̀ ní Òṣogbo: Akoto, Bẹ́líìtì àti Ọ́ìlì Bíréèkì Ayédèrú Ti Wọ Ìlú

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ yìí láti kìlọ̀ fún yín nípa oníṣòwò kan tí ó ń kiri láàárín àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ọkọ̀ eré, tí ó ń ta akoto, bẹ́líìtì, aṣọ ìwakọ̀ àti ọ́ìlì bíréèkì fún wọn gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ọjà tí wọ́n kó wá láti Jámánì. Ayédèrú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà, ìyókù sì jẹ́ àlòkù tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá tàbí ọjà tí wọn kò ṣe fún ọkọ̀ eré ìje. N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà síbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n mo máa ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣe é àti àmì tí ẹ lè fi dá ọjà rẹ̀ mọ̀, nítorí pé irú ọjà kan náà lè gba ọwọ́ ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwòrán ni ó kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwòrán tí ó mọ́ kedere, tí ó sì jẹ́ pé ojú ìwé àwọn tí ó ṣe ojúlówó ọjà náà ni ó ti gé e. Iye tí ó máa ń dá lé e kì í tó ìdajì iye tí ojúlówó ń lọ fún, yóò sì sọ fún oníbàárà pé ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, àti pé ẹnì kan láti Ìbàdàn ti ń bẹ òun pé kí òun bá a fi pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí wọ́n san ìdajì owó sí àkáǹtì tí orúkọ inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí òun ń jẹ́. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń pe ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bóyá ní Ọlá-Ìyá tàbí ní Òkè-Fìà, kò ní pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ní gbà kí ẹ já ọ̀rá ara ọjà náà kí ẹ tó san owó tó kù. Bí ẹ bá pè é padà nígbà tí ẹ ti rí àṣírí ọjà, yóò ní òun wà ní Kútọnu, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Ẹnì kan lè rò pé ìyànjẹ ojoojúmọ́ ni èyí, bí ìgbà tí ènìyàn ra ṣájà fóònù tí kò pẹ́ tí ó fi bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ohun tí eré ìje ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ àti lọ́wọ́ ara awakọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ojú ọ̀nà ń béèrè. Bí ọkọ̀ tí ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan bá di èyí tí ó ń sá 120, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tí ó ń wakọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Gbọ̀ngán lè má tẹ bíréèkì tagbáratagbára rárá títí yóò fi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí pápá eré ìje ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ́nà dé kọ́nà, ìyípo lẹ́yìn ìyípo, débi pé dísìkì lè gbóná kọjá 500°C. Bí ó bá ń yí kọ́nà gígùn, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì a máa ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, páǹpù sì lè fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì.

Ara awakọ̀ náà kò sinmi. Ọrùn rẹ̀ ni ó ń di orí àti akoto mú bí ọkọ̀ ti ń fì í sí ọ̀tún àti sí òsì, apá rẹ̀ ń bá sítíárì jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti pẹ́dà bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára, inú ọkọ̀ tí a ti yọ ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì gbóná ju ìta lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí, pẹ̀lú aṣọ onípele méjì tàbí mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ àti akoto, òógùn ń fa omi ara jáde kíákíá, bí omi ara bá sì ti dín kù, ọkàn kì í tètè pinnu mọ́, ọwọ́ kì í sì tètè dáhùn. Ìgbà tí ó ti rẹ awakọ̀ báyìí gan-an ni àṣìṣe máa ń wáyé, ìgbà náà sì ni ó nílò kí akoto, bẹ́líìtì àti bíréèkì ṣe iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ rà wọ́n. (Pápá tí a ti dí, tí ará ìlú kankan kò sí lójú rẹ̀, ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tí ó ń sá eré ìje lójú títì Gbọ̀ngán lóru ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré, ó sì yẹ kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró.)

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí akoto. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa gbé èyí tí ó rà lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Ó dúdú, ó ń dán, wọ́n sì lẹ sítíkà SA2020, àmì ìlànà akoto eré ìje ọkọ̀, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níta. Ibẹ̀ ni àṣírí ti kọ́kọ́ tú, nítorí pé inú akoto, lábẹ́ aṣọ tí ó bo inú rẹ̀, ni sítíkà àjọ Snell, tí ń dán akoto wò, máa ń wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Mo fi aṣọ tútù nu sítíkà ìta yẹn díẹ̀, lẹ́tà S àti A sì bá aṣọ náà lọ. Nígbà tí a ká aṣọ inú rẹ̀ kúrò, fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di páálí tẹlifíṣọ̀n ni a bá níbẹ̀, èèkánná mi wọ inú rẹ̀ láìlo agbára, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Fóòmù inú ojúlówó akoto ki, ó sì le, nítorí òun gan-an ni ó ń gba ìkọlù dípò agbárí. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹnì kan ti fi dírílì lásán lu ihò fún ìdè tí a fi ń so akoto mọ́ HANS, ohun tí ń dá orí àti ọrùn awakọ̀ dúró. Ihò apá ọ̀tún ga ju ti apá òsì lọ ní ìbú ìka kan.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ HANS lè wò ó bí ohun ẹ̀ṣọ́. Orí èjìká ni ó máa ń jókòó sí lábẹ́ bẹ́líìtì, okùn méjì sì so ó mọ́ akoto, kí orí má bàa já síwájú nígbà tí bẹ́líìtì ti dá àyà dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Hubbard àti awakọ̀ eré ìje Jim Downing ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, Dale Earnhardt, ọ̀kan nínú àwọn gbajúgbajà awakọ̀ NASCAR, àjọ eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kọlu ògiri ní Daytona láìlo irú rẹ̀, egungun ìsàlẹ̀ agbárí rẹ̀ fọ́, ó sì kú. Kí ọdún náà tó parí, NASCAR ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ láti máa lo ohun tí ń dá orí àti ọrùn dúró. Bí ihò méjèèjì kò bá wá bára mu, okùn kan ni yóò gba ìfàyà náà kí èkejì tó le, ọrùn yóò sì lọ́.

Àwọn akoto mìíràn tí ó ń tà kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ti alùpùpù ni wọ́n. Àjọ Snell, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 lẹ́yìn ikú awakọ̀ eré ìje kan tí ń jẹ́ Pete Snell, ya ìlànà méjèèjì sọ́tọ̀: M ni ti alùpùpù, SA ni ti ọkọ̀ eré ìje. Akoto SA gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò iná, ó sì gbọ́dọ̀ fara da ìkọlù irin inú ọkọ̀ léraléra, ohun tí wọn kì í béèrè lọ́wọ́ akoto alùpùpù. Èyí tí ó dára gan-an lórí ọlọ́kadà lè gbiná mọ́ awakọ̀ lójú nínú ọkọ̀ tí epo ti dà sí.

Bẹ́líìtì alókùn mẹ́fà tí ó tà fún ẹlòmíràn bí mi nínú ju akoto lọ. Bẹ́líìtì tí ó bá ìlànà FIA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, mu máa ń ní àmì tí a rán mọ́ okùn rẹ̀, tí a kọ ọdún tí ìlò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá sí, nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Gbogbo àmì wọ̀nyí ni wọ́n ti fi bíléèdì gé kúrò, òwú tí wọ́n fi rán wọn sì ṣì ń yọ ṣẹ́kúṣẹ́kú. Ní ibi tí irin ìdè ti bo okùn náà, àwọ̀ pupa rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó kù gbogbo ó ti ṣá, èyí tí ó fi hàn pé oòrùn ti pa á fún ọdún pípẹ́, oòrùn sì ń jẹ agbára okùn kúrò láìsí pé ojú rí i. Àlòkù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí a ń wà. Ohun tí ó burú ni pé ènìyàn gé déètì kúrò, ó sì pè é ní tuntun. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé bẹ́líìtì tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́, tí ó ṣì pé, tí ó sì ń di ènìyàn mú dáadáa, sàn ju irú bẹ́líìtì alókùn mẹ́fà yìí lọ.

Aṣọ ìwakọ̀ rọrùn láti dán wò bí olùtà bá gbà. Ẹ fa òwú kan láti ara aṣọ náà fúnra rẹ̀ ní ibi tí kò hàn, kì í ṣe òwú tí wọ́n fi rán an, ẹ fi ẹ̀mú mú un jìnnà sí ara, kí ẹ sì ṣáná sí i. Nomex, irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán ojúlówó aṣọ ìwakọ̀ nítorí iná, máa ń dúdú, yóò sì kú bí a bá ti gbé iná kúrò. Kì í yọ́, kì í sì í kán sílẹ̀. Òwú tí a fà lára aṣọ tí ọkùnrin yìí tà yọ́, ó sì ń kán sílẹ̀ bí ó ti ń jó. Pólíẹ́sítà lásán ni, irú èyí tí yóò yọ́ mọ́ awọ ènìyàn lára.

Ọ́ìlì bíréèkì ni ó kéré jù lówó nínú gbogbo ọjà rẹ̀, òun sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ìlànà fi máa ń dárúkọ ìwọ̀n méjì: ìwọ̀n ooru tí kò gbọ́dọ̀ hó kí ó tó dé nígbà tí ó ṣì tuntun, àti ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti wọ inú rẹ̀. Fún ọ́ìlì tí wọ́n pè ní ìpele DOT 3, 205°C àti 140°C ni. Fún DOT 4, 230°C àti 155°C. Fún DOT 5.1, 260°C àti 180°C. Bí ó bá hó nínú kálípà, ohun tí ń tẹ bíréèkì mọ́ dísìkì, oru tí ó dà bí afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ṣeé tẹ̀ pọ̀ nígbà tí ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ pọ̀, nítorí náà pẹ́dà yóò rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa gan-an nìyí, pẹ̀lú ọ́ìlì tí wọ́n kọ DOT 5.1 sí lára. Gíà ni ó fi dín eré ọkọ̀ kù títí tí ó fi wọ inú yanrìn, ara rẹ̀ sì yá, a dúpẹ́.

Nígbà tí a yẹ ìgò tí ó kù wò, a rí i pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ìdérí fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọmọrí rẹ̀ padà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìgò kan kò sì bá ti páálí rẹ̀ mu. Bàbá mẹkáníìkì wa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kaná ní gbangba ìta pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ń wọn ooru, a sì dúró jìnnà sí èéfín rẹ̀. Kò tíì dé 150°C tí ó fi ń hó. Ẹ má ra ọ́ìlì bíréèkì tí ìdérí rẹ̀ ti ṣí rí, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, kí ẹ má sì po DOT 5 pọ̀ mọ́ ìyókù, nítorí sílíkọ́ọ̀nù ni òun.

Ti táyà kò gba àlàyé gígùn. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára àmì DOT tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí wọ́n bá ti ha ibẹ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà tún ń gba iṣẹ́ àgọ́ irin inú ọkọ̀, èyí tí ń dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé, páìpù omi ni ó sì ń jó pọ̀. Ìlànà FIA fẹ́ kí ọ̀pá ńlá ẹ̀yìn awakọ̀ jẹ́ irin tí kò ní ojú ìjópọ̀, 45 mm ní ìbú pẹ̀lú 2.5 mm ní nínípọn, tàbí 50 mm pẹ̀lú 2.0 mm, ihò kékeré kan tí a fi dírílì lu sì tó láti wọn nínípọn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé dọ́là ti wọ́n, mo sì mọ̀ pé ojúlówó kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, ẹ má sanwó fún ọjà tí ẹ kò tíì ká aṣọ inú rẹ̀ wò ní ojúmọmọ, kí ẹ sì wo orúkọ àti irú akoto náà nínú àkójọ tí Snell àti FIA gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ tọ́jú páálí, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ̀wé sí SON, àjọ tí ń ṣàbójútó ìlànà ọjà, àti FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta akoto náà fún ọlọ́kadà láti fi gba owó yín padà.

Ẹni tí ó bá ti fi ọ́ìlì náà sínú ọkọ̀, kí ó má da tuntun lé e lórí. Kí mẹkáníìkì fà á jáde tán, láti ẹsẹ̀ táyà tí ó jìnnà jù, títí tí tuntun nìkan yóò fi máa jáde, kí wọ́n sì tú kálípà wò bóyá rọ́bà inú rẹ̀ ti wú, nítorí a kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Kí ó tó gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, kí ó má gbé e jáde.