Sikọ́láṣíìpù Túrkì: Wọn Kò Béèrè IELTS, Èdè Tiwọn Ni Wọ́n Béèrè

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí kò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ìràwọ̀ kan tó kù, owó oṣù wọn ló gbé e mì, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Türkiye Bursları ni sikọ́láṣíìpù tí ìjọba Túrkì ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ yìí ni wọ́n ti ń jẹ́ láti 2012, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní YTB ló sì ń darí rẹ̀ láti Ankara. Mo bá wọn lọ ní 2021, mo ṣe máṣítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ oúnjẹ ní Yunifásítì Erciyes, nílùú Kayseri. Ọmọ Ìwó ni mí, FUNAAB ní Abẹ́òkúta ni mo ti gba digírì àkọ́kọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àgẹ́ǹtì ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, gan-an ló lé mi débẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa, tíṣà a sì máa nà wá tí a bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Lọ́jọ́ tí a wá fẹ́ lọ kàwé sí i, wọ́n ní ká san owó ká fi hàn pé a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìdánwò yẹn ju ₦70,000 tí òfin pè ní owó oṣù tó kéré jù lọ fíìfíì, èsì rẹ̀ kì í sì í pé ju ọdún méjì lọ tí wọ́n á fi ní kò wúlò mọ́, àfi bíi mílíìkì inú agolo. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Ìlú Ọba gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń sọ, Jàmáíkà wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Láti 2021 ni Ebenezar Wikina àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Policy Shapers ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí, àwọn yunifásítì kan sì ti dẹ okùn. Àmọ́ ọwọ́ mi kò tíì tó owó ilé-ìwé Ìlú Ọba pàápàá, ká tó wá sọ ti ìdánwò.

Fọ́ọ̀mù Túrkì kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n á tì í ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo tún un sọ o: ọ̀fẹ́ ni. Àgẹ́ǹtì kan wà n'Íbàdàn tó gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọmọ àbúrò bàbá mi, ó pè é ní owó fọ́ọ̀mù, ó tún gba òmíràn pé òun yóò bá a fo IELTS. IELTS wo ló fẹ́ fò? Ibi tí wọ́n ti ń béèrè èsì ìdánwò èdè wà nínú fọ́ọ̀mù lóòótọ́, mo fi í sílẹ̀ ní òfìfo, mo tẹ ibi tó kàn, ó lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò yọ sílẹ̀ ni àwọn tó bá fẹ́ kàwé ní ẹ̀ka tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Yunifásítì Boğaziçi ní Istanbul àti Yunifásítì ODTÜ ní Ankara, ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Ẹ ka ohun tí ẹ̀ka tí ẹ yàn ń fẹ́ dáadáa kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀, torí àgẹ́ǹtì kò ní bá yín kà á.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì. Ẹni tó fẹ́ ṣe digírì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 21, ti máṣítà 30, ti PhD 35. Máàkì 70 nínú 100 ni wọ́n ń fẹ́ fún digírì àkọ́kọ́, 75 fún máṣítà àti PhD, ìṣègùn, ìtọ́jú eyín àti ìmọ̀ oògùn sì jẹ́ 90. Ohun tó kù ni ìwé ẹ̀rí, transcript, fọ́tò, ìwé ìrìnnà, àti lẹ́tà tí ẹ máa fi ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ lọ. Ẹ má fi lẹ́tà yẹn ṣeré. Tèmi, ọ̀rọ̀ ògì ni mo fi kún un: bí ògì ṣe ń kan, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un kan. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n gbé nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn náà ní bóza, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe tó ń kan bíi ti ògì. Ibẹ̀ ni kókó ìwádìí máṣítà mi ti wá.

Mo gbà pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò èdè, àfi ìgbà tí mo dé TÖMER.

TÖMER ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi èdè Túrkì kọ́ àlejò. Ọdún kan gbáko ni, òfin sì ni: kódà ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. A1, ìpele èdè tó kéré jù lọ, ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. C1, ìpele ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa, ni ẹ gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọ ẹ̀ka tó ń fi Túrkì kọ́ni. Ẹ jẹ́ kí n fi wé ohun tí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ máṣítà Ìlú Ọba, 6.5 nínú IELTS ni wọ́n ń béèrè, B2 sì ni ìyẹn, ìpele kan sísàlẹ̀ C1. C1 bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 7. Ìyẹn ni pé ohun tí Túrkì ń fẹ́ lọ́wọ́ yín nínú èdè tí ẹ kò gbọ́ rí ga ju ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ nínú èdè tí wọ́n ti ń nà yín lé lórí láti kékeré. Kò sí àgẹ́ǹtì tó máa ń sọ èyí.

Kíláàsì náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Olùkọ́ wa kò sọ Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ Indonéṣíà, ọmọ Sòmálíà, ọmọ Kasakstáànì, gbogbo wa la jọ ń ya ẹnu sílẹ̀. Kì í sú obìnrin náà. Ohun tó ń da orí wa rú ni bí wọ́n ṣe ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn: ilé ni *ev*, àmọ́ *evlerimizden* ti di "láti inú àwọn ilé wa", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà, ẹni tó ń sọ ìtàn kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ra màlúù ni tàbí ó tà á títí yóò fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ní ànfààní díẹ̀. Àwọn náà kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin, *o* wọn kò yàtọ̀ sí "ó" tiwa, nígbà tí ọmọ Faransé ń wá ọ̀rọ̀ tó dúró fún "she" kiri. Ẹni tó bá sì ti lọ ilé-kéú á pàdé ojúlùmọ̀: wákàtí ni *vakit*, àdúrà ni *dua*, sàbàbí ni *sebep*. Ìwó kúkú ni mo ti wá, ilé-kéú kò jìnnà sí wa. Mo gba C1 mi. Ọkùnrin kan tí a jọ dé, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó gbọ́n bí nǹkan míì, kò gbà á, ó sì padà sílé.

Ibùgbé: ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní KYK ni wọ́n fi wá sí, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Ẹ máa bá ẹlòmíràn pín yàrá, omi gbígbóná ń yọ, iná kì í lọ, wọ́n sì máa ń kíyè sí àkókò tí ẹ wọlé lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn àríyá kó lọ wá ilé tirẹ̀ gbà. Ìlera yín wà lábẹ́ ìbánigbófò ìjọba. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wà fún ìgbà tí ẹ bá ń lọ àti ìgbà tí ẹ bá ṣetán pátápátá. Iléyá tàbí kérésìmesì àárín méjèèjì, àpò yín ni.

Oúnjẹ? Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní mercimek, ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi tòmátì sè, bulgur tí wọ́n fi wíìtì ṣe, wàrà kíkan tí wọ́n bu omi àti iyọ̀ sí. Kò burú, kò sì ta. Mantı Kayseri, ìyẹn ẹran wẹ́wẹ́ tí wọ́n dì sínú ìyẹ̀fun, mo ṣì máa ń lá àlá rẹ̀. Fún èlùbọ́, Istanbul ni ẹ máa ránṣẹ́ sí, àdúgbò Aksaray, wọ́n á sì dá iye lé e tí ẹ máa rò pé wúrà ni wọ́n lọ̀. Òtútù Kayseri, òkè Erciyes tó ga tó 3,917 mítà ló ń fẹ́ ẹ bọ̀, yìnyín kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n gbé lọ sí Erzurum ní òun ń ṣe ìlara mi.

Ó yá, owó. Lira ni wọ́n fi ń san án. Ní 2021, lira 1,100 ni ti ọmọ máṣítà lóṣù. Oṣù Kẹsàn-án tí mo dé, dọ́là kan kò tó lira 9. Kí ọdún yẹn tó parí ó ti kọjá 13. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2022, ìjọba wọn fúnra wọn kéde pé ọjà ti fi 85 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lérí láàárín ọdún kan. Wọ́n ń fi kún owó náà, mo jẹ́rìí sí i, àmọ́ ọjà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń sùn ní KYK tó ń jẹun níbẹ̀ kò ní kú. Ẹni tó fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, kó má gbójú lé e rárá. Àwọn àgbà nílé wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wà lókè òkun, wọ́n ti ń retí dọ́là.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí àwọn tó ń sá fún IELTS mọ̀. Èdè Túrkì ni mo fi kọ iṣẹ́ ìwádìí mi. Túrkì wà nínú ètò Bologna, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi mú kí digírì wọn bára mu, láti 2001, nítorí náà Yúróòpù kò ní sọ pé digírì yín kì í ṣe digírì. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tibẹ̀ lọ ṣe PhD ní Kánádà tàbí Ìlú Ọba, ta ló máa bá yín kọ lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín ní máṣítà? Èèyàn mi kan jókòó ní Ankara, ó san owó TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lẹ́yìn gbogbo wàhálà C1. Kò bínú, ó ní ó kéré tán èdè mẹ́ta ni òun gbọ́ báyìí.

Ẹ ò ní ṣàì béèrè nípa àwọn yòókù. Stipendium Hungaricum ti Họ́ngárì, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ kíláàsì wọn, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì máa sọ bóyá lẹ́tà láti ilé-ìwé yín ti tó. Àmọ́ forint 43,700 lóṣù fún ọmọ máṣítà kò lè dá gbọ́ bùkátà. Ṣáínà ń san yuan 3,000 fún máṣítà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọn a sì máa gba lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wa. Kòríà ń san dáadáa, ṣùgbọ́n ọdún èdè ń bẹ níbẹ̀ náà, ìpele kẹta nínú TOPIK, ìdánwò èdè Kòríà, ni wọ́n ń fẹ́. Nínú gbogbo wọn, Ṣáínà ni mo máa fi ṣe ìkejì.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ka ìmọ̀ ilẹ̀ tó sì ń wá máṣítà, mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá, nítorí ilé-ìwé wa kò mọ̀ pé oṣù Kejì ń bọ̀. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ka ìṣègùn. Ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ọdún èdè, gbogbo orúkọ egungun ara ní èdè Túrkì, kó tó wá padà wálé wá jókòó ìdánwò ìgbìmọ̀ dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni mo sọ fún pé kó fi Túrkì sílẹ̀, kó padà lọ jókòó JAMB.