Hóró kọ́ọ̀kì nínú àjà yàrá ìyá mi: ohun tí mo rí láàárín oṣù 16

Yàrá ìyá mi ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ọba-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ la ń gbé, nínú ilé onípáànù tí kò sí igi kan tó ṣíji bò ó. Bí oṣù Kejì bá ti wọlé, láti aago méjìlá ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ooru tó ń ti orí páànù bọ̀ kì í jẹ́ kí àgbàlagbà ẹni ọdún 81 rójú sùn. Ìyá mi kì í ráhùn. Wọ́n á kàn gbé àga wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mú abẹ̀bẹ̀ dání, wọ́n á máa wo títì. Ó máa ń dùn mí. Fáànù wà nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n bí iná tilẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni fáànù ń gbá kiri.

Mo kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ amúlétutù. Ta ló máa san owó iná rẹ̀, ta ló sì máa mú iná dúró? Ìgbà tí mo ń wá ohun tí a lè kó sáàárín páànù àti àjà ni mo kan hóró kọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú orúkọ náà ná, nítorí ó dá wàhálà sílẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá béèrè kọ́ọ̀kì ní Ọjà Ọba, ìdérí ìgò mínírà ni wọ́n máa nà sí yín. Wọn ò jẹ̀bi. Nígbà tí William Painter ṣe irú ìdérí onírin yẹn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1892, ó fi pẹlẹbẹ kọ́ọ̀kì tín-ín-rín sí inú rẹ̀ kí gáàsì má baà jò jáde, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìyá mi rántí pẹlẹbẹ náà dáadáa. Wọ́n ní àwọn máa ń fi ìṣó yọ ọ́ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Lónìí rọ́bà ló gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì gan-an, èèpo igi ni.

Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n gbé ojú sókè. "Èèpo igi? Igi náà kò ní kú?"

Ìbéèrè àgbà ni. A mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gánwó tí àwọn eléwé omo bá ti bó èèpo rẹ̀ yí po, ó ń gbẹ lórí ìdúró ni. Ti igi kọ́ọ̀kì yàtọ̀. Àwọn tó ń bó o ní Pọ́túgà, níbi tí nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì gbogbo ayé ti ń wá, máa ń fi àáké là á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èèpo òde nìkan ni wọ́n ń ká kúrò, wọn kì í jẹ́ kí ojú àáké kan awọ inú tí òmíràn á ti hù. Wọ́n á wá fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó parí ọdún náà sára igi, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ìgbà tí wọ́n bó o kẹ́yìn. Òfin wọn ni pé ọdún mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án. Igi náà máa ń tó ọmọ ọdún 25 kí wọ́n tó bó o nígbà àkọ́kọ́, ó sì lè lo igba ọdún láyé. Bíbó àkọ́kọ́ àti èkejì kì í dára tó fún ìdérí ìgò wáìnì. Àwọn yẹn, pẹ̀lú àjẹkù èyí tí wọ́n ti lu ìdérí jáde lára rẹ̀, ni wọ́n ń lọ̀ sí wóró. Ohun tó wà nínú àjà wa nìyẹn.

"Wọ́n ń fún un ní ìsinmi," ni ìyá mi wí, ọkàn wọn sì balẹ̀ sí i láti ìgbà náà.

Ohun tó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ka bàọ́lọ́jì ní SS1 ti pàdé rẹ̀ rí. Ní ọdún 1665 ni Robert Hooke tẹ ìwé rẹ̀ jáde, níbi tó ti sọ bí òun ṣe gé kọ́ọ̀kì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí òun fi maikirosikópù wò ó, tí òun sì rí àwọn yàrá tóótòòtó tí òun pè ní sẹ́ẹ̀lì. Mo há a sórí fún ìdánwò, mo sì gbàgbé ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn yàrá yẹn wá di ohun tí mo fowó rà. Afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì tì pa, afẹ́fẹ́ náà kò rí ibi rìn. Ooru kì í tètè gba inú afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan kọjá. Ara ògiri sẹ́ẹ̀lì náà tún ní nǹkan kan tó dà bí ìda, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Àwọn tó ń ta ìrẹsì mọ iṣẹ́ yìí ju èmi lọ: kúlà wọn kì í dáná, kì í sì í ṣe yìnyín, àmọ́ ó ń jẹ́ kí gbígbóná pẹ́ ní gbígbóná kí tútù sì pẹ́ ní tútù.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Èkó ni mo ti rà á. Àwọn tó ń ṣe pápá bọ́ọ̀lù oníkoríko àtọwọ́dá ló ń kó o wọlé fún, torí wọ́n máa ń da hóró kọ́ọ̀kì sáàárín koríko náà dípò rọ́bà. Yàrá ìyá mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn àti 12 ní ìbú. Mo ṣírò pé kí ó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méje, mo nílò àpò márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 200. Àpò náà tóbi ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Awakọ̀ tó gbé e wá sí Àkúrẹ́ kò wo ti wíwúwo rárá, ibi tó gbà nínú bọ́ọ̀sì ló bá mi ṣírò, mo sì sanwó ìjókòó èèyàn mẹ́ta. Ẹ fi èyí kún ìṣirò yín kí ẹ tó rà á.

Ìṣòro kan tún wà. Hóró tó tó mìlímítà mẹ́ta sí méje ni mo béèrè fún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú àpò kẹrin, eruku lásán ló wà níbẹ̀, ó dà bí gààrí tí wọ́n tún kù lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ "a máa pè yín padà" kí wọ́n tó dá ìdajì owó àpò náà padà. Ẹ ní kí wọ́n tú àpò lójú yín, tàbí kí ẹni yín kan ní Èkó bá yín fọwọ́ bọ̀ ọ́ wò.

Ọjọ́ tí a dà á sí àjà, àṣìṣe wa pọ̀. Pátákó pẹlẹbẹ ni àjà yàrá náà, káfíńtà wa sì rò pé ó ti di dáadáa. A yọ páànù méjì, a tú àpò àkọ́kọ́, ó rọra ń ṣàn bí àgbàdo sínú agbọ̀n, inú wa ń dùn. Ìgbà tí mo wọ yàrá, hóró kọ́ọ̀kì ti bo ibùsùn ìyá mi. Gbogbo ihò tí oníná ti gbé wáyà gbà, gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibẹ̀ ló ń gbà bọ́ sílẹ̀. A ní láti kó o padà, a fi àpò ìrẹsì tí a là tẹ́ gbogbo orí àjà, a sì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ igi. Ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbá wóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ nǹkan kí ẹ tó dà á, ẹ sì dí ẹnu àbọ̀ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, torí ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ tiwa jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ti rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì báyìí àti òjò ọdún kan. Mo ra ohun ìwọ̀n ooru méjì kékeré, mo gbé ọ̀kan sí pálọ̀ tí a kò fi nǹkan sí àjà rẹ̀, mo gbé ìkejì sí yàrá ìyá mi. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín, páànù kan náà ló bò wọ́n. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù Kẹta, pálọ̀ máa ń wà ní dígíríì 35, yàrá ìyá mi á wà ní 32, nígbà mìíràn 31. Lójú ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀, dígíríì mẹ́ta lè dà bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ hàn lára nọ́ńbà: tẹ́lẹ̀, tí mo bá na ọwọ́ sókè sí àjà, ó ń ta mí bí ẹni dúró ti ààrò. Ní báyìí, tí mo bá na ọwọ́, n kò gbọ́ nǹkankan. Ìyá mi ń sùn lọ́sàn-án. Àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti padà di ti àlejò.

Ó ní ìgbà tí kò wúlò. Tí a bá gbàgbé láti ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́, ooru tó ti wọlé kò rí ọ̀nà gba òkè jáde, yàrá náà á sì móoru títí di òru ju pálọ̀ lọ. A ní láti kọ́ láti ṣí fèrèsé lágogo mẹ́fà, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lójú rẹ̀.

Ti òjò ló yà mí lẹ́nu jù. N kò rà á nítorí ariwo. Ẹ̀yin tó ń gbé abẹ́ páànù mọ̀ pé bí òjò Àkúrẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Keje, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ò lè gbọ́ ara yín mọ́. Ní yàrá ìyá mi, ariwo náà ti rẹlẹ̀ débi tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò láìyí i sókè. Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo wa wá síbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀, a ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí òjò á fi dá.

Káfíńtà wa sọ pé owó ṣòfò ni. Ó ní kí n lọ kó ìyẹ̀fun pákó ní sọ́mìlì, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́. Mo ro ó dáadáa. Ìyẹ̀fun pákó ń fa omi, tí òrùlé bá jò lẹ́ẹ̀kan, yóò rin, yóò bu, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́. Òrùlé tiwa jò nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo gun òkè lọ wò ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Omi dúró lórí hóró náà ní ìkán ìkán, mo gbọn án dànù, a tún páànù ṣe, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó ti gbẹ, kò ní òórùn kankan. Àpò ìrẹsì tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ni ó bu.

Ti iná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kọ́ọ̀kì kì í jó. Ó ń jó. Kì í yára gbiná bí ìyẹ̀fun pákó ni, ó máa ń dúdú lójú kí ó tó mú. Mo ní kí oníná fi gbogbo wáyà tó wà lókè sínú páìpù kí a tó dà á, a sì fi àlàfo sílẹ̀ yí ẹ̀yìn gílóòbù ká. Èkúté kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn láti gbẹ́ ọ̀nà gba inú rẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá a rí ibi méjì tí wọ́n ti kó o kúrò tí àjà fi ṣófo. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni a fi dí ojú ọ̀nà wọn.

Nítorí pé eruku àpò kẹrin ṣẹ́kù, mo dán an wò níbòmíràn. Mo ní kí bíríkìlà pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì fún ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀ lókè òkun kí ilẹ̀ má baà tutù. Ó da omi bí ó ṣe máa ń dà á, gbogbo kọ́ọ̀kì sì léfòó sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kejì a fi sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn díẹ̀ pa á lára kí iyanrìn tó wọ̀ ọ́, a sì jẹ́ kí ó le. Ó dára, ṣùgbọ́n ó rọ̀, a ní láti tún fi sìmẹ́ǹtì gidi bò ó lójú. Lérò tèmi, iṣẹ́ yẹn kò bá Àkúrẹ́ mu. Ilẹ̀ tútù kọ́ ni ìṣòro wa. Èyí tí mo dà sí ìdí òdòdó, òjò àkọ́kọ́ gbé e lọ sí ojú gọ́tà. Èyí tí mo rán mọ́ inú tìmùtìmù àga ìyá mi ni wọ́n ń yìn títí di òní, ó ń gba bí ara wọn ṣe rí, bó tilẹ̀ ń ké wàrà wàrà tí wọ́n bá jókòó.

Owó àpò márààrún àti ọkọ̀ rẹ̀ ju owó páànù tí a fi bo yàrá náà lọ, mi ò ní fi pamọ́. Fún gbogbo ilé, kò sí bí mo ṣe lè rówó rẹ̀. Fún yàrá kan tí ẹni àgbà tàbí aláìsàn ti ń lo ọjọ́ rẹ̀, mo tún máa rà á láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún un ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù, eruku àpò kẹrin ló gbé e lọ.

Ìyá mi ti ń béèrè ìgbà tí màá ṣe ti pálọ̀. Mo ti ń kó àpò ìrẹsì jọ.