Àwọn tó ń kó òróró àlòkù ní ilé oúnjẹ mi ní Peckham

Òróró tá a fi din àkàrà, dòdò àti ẹja ní ilé oúnjẹ mi ní Peckham, ní London, ló ń di epo bàálù níkẹyìn, àwọn tó sì ń wá kó o ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Iṣẹ́ wọn mọ́. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá, wọ́n á gbé èyí tó kún, wọ́n á sì sanwó lórí iye lítà tó wà níbẹ̀. Ọmọ Poland ni awakọ̀ wọn, ṣùgbọ́n “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà” ló fi ń kí wa.

Ìwé tí wọ́n ń fún mi ló jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn. Iye òróró, ọjọ́, àti ẹni tó gbé e ló wà níbẹ̀, òfin sì ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 2. Àwọn tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kì í fún mi ní ìwé kankan rárá.

Ẹ má fojú kékeré wo ìwé yẹn o. Láti January 2025 ni òfin ìjọba Britain ti bẹ̀rẹ̀ pé kí apá kan epo bàálù jẹ́ èyí tí kì í ṣe epo inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi òróró àlòkù ṣe; ìdá 2 nínú 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Yóò di ìdá 10 ní 2030. Owó ti wọ ọ̀rọ̀ òróró àlòkù nìyẹn. Wọ́n sì ti ń fura ní Yúróòpù pé àwọn kan ń ta epo ọ̀pẹ tuntun bí àlòkù; ìwé yẹn ló ń jẹ́rìí ibi tí òróró tèmi ti wá. Tí wọ́n bá gé igbó kí wọ́n tó rí epo ọ̀hún, oore wo ló ṣe fún ayé tó ń gbóná sí i yìí?

Ní ilé ìfọpo, wọ́n á sẹ́ òróró àlòkù náà, wọ́n á fi háídrójìn yọ ọ́síjìn inú rẹ̀, yóò wá dà bíi kẹrosíìnì. Ní November 28, 2023, bàálù Virgin Atlantic gbéra ní Heathrow dé New York láìsí epo inú ilẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rá àti òróró àlòkù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe epo náà. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo gbọ́.

Àbùkù wọn ni pé ní December, tí òde àríyá pọ̀, tí kẹ́ẹ̀gì ń tètè kún, wọn kì í fi ọjọ́ kún ọjọ́ tí wọ́n ń wá. Nínú 5, mo fún wọn ní 4.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń din nǹkan tà ní London, ẹ jẹ́ kí òróró tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí omi má kàn án. Kẹ́ ẹ sì wo orúkọ ẹni tó fẹ́ gbé e nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, kẹ́ ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì fún un.