Sitabiláísà, UPS tàbí Inverter: Èwo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà Yín n'Íbàdàn?

Tí wọ́n bá mú iná lọ, iṣẹ́ tí ẹ ò tíì sééfù ló bá a lọ. Ìgbà tí wọ́n bá mú un dé gan-an ni ewu wà fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fólíìtì lè já wọlé pẹ̀lú agbára tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì lè rẹlẹ̀ débi pé fáànù kàn ń rọra yí ni. Ibẹ̀ ni power pack, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ti ń jó. Nítorí náà, ẹ má fi “wákàtí mélòó ló máa gbé e?” ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ nílé ìtajà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ń tún iná ṣe kó tó dé ara kọ̀ǹpútà.

Sitabiláísà tàbí UPS?

Sitabiláísà ń gbé iná tó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń rẹ èyí tó ga sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bátìrì. Ẹni tó ń lo laptop lè mọ síbẹ̀, torí bátìrì ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sídìí tó fi máa náwó sórí UPS, ìyẹn àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ.

Tó bá jẹ́ desktop, UPS ni, àmọ́ oríṣi mẹ́ta ló wà. Standby lówó rẹ̀ mọ níwọ̀n jù. Bí iná NEPA bá ṣe dé ló ṣe ń gbà á kọjá, tó bá sì ti rẹlẹ̀ jù, orí bátìrì ló ń bọ́ sí. Ládùúgbò tí iná kì í gbé nǹkan lálẹ́, bátìrì yẹn ò ní sinmi rárá, kò sì ní pẹ́ kú. Line-interactive ní AVR nínú, ìyẹn ni pé sitabiláísà àti bátìrì wà nínú àpótí kan náà, kì í sì í fọwọ́ kan bátìrì torí iná tó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, látorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé dórí àwọn tó ní business centre l'Ágbowó. Online ló lágbára jù, iná kì í já rárá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ń gbóná, ó sì ń pariwo. Server ló yẹ.

Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà tó wà lára páálí o. 650VA kì í ṣe 650 wáàtì. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ò lè gbé ju nǹkan bí 360 wáàtì lọ. Desktop ọ́fíìsì pẹ̀lú monitor rẹ̀ sábà ń jẹ 100 sí 150, nítorí náà ó tó, ó sì lè gbé e fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 tí bátìrì bá ṣì tuntun. Ẹ ó ti sééfù, ẹ ó sì ti pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ẹ má so printer laser mọ́ ọn láéláé, torí tó bá ń gbóná láti tẹ̀wé, iná tó ń fà ju agbára UPS kékeré lọ.

Inverter ńkọ́?

Ẹni tó ń tẹ project fún akẹ́kọ̀ọ́ ò lè máa pa ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, inverter tó ní bátìrì ńlá ló yẹ ẹ́. Bátìrì olómi 12V, 220Ah kan gba 2640 watt-hour. Ìdajì ló yẹ kí ẹ lò nínú rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, ìyẹn sì máa gbé desktop tó ń jẹ 120 wáàtì fún bíi wákàtí 9, torí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ dà bíi ti NEPA, ni kí ẹ rà, torí àwọn power pack ìgbàlódé kan kì í bá modified sine wave, tí iná rẹ̀ ò dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀, ṣe.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ ni pé nígbà tí iná NEPA bá wà, ọ̀pọ̀ inverter kàn ń jẹ́ kó kọjá bó ṣe dé ni. Àwọn míì tún ń lọ́ra kí wọ́n tó bọ́ sórí bátìrì, kọ̀ǹpútà á ti kú, á tún ti tan. Ẹ wò ó bóyá ó ní UPS mode, ìyẹn ètò tó ń mú kó yára bọ́ sórí bátìrì. Lójú tèmi, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí desktop, inverter pẹ̀lú UPS line-interactive kékeré lábẹ́ tábìlì ló dáa jù.

Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan. UPS lè kọ̀ ọ́, kó máa jẹ bátìrì lọ títí á fi tán bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń dún lọ́wọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń kọ 120V, bí ẹ bá ti kì í bọ iná tiwa, ó jó nìyẹn. Bátìrì rẹ̀ náà lè ti kú, torí náà ẹ ṣírò owó tuntun mọ́ ọn.

Ẹ ní kí wọ́n so desktop mọ́ ọn, kì í ṣe gílóòbù, kí wọ́n sì fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri níṣojú yín. Ẹ máa wo monitor: kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú. Kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ti ń ké kíkankíkan láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì tí wọ́n sì ní ó ti kún, bátìrì ibẹ̀ ti rẹ̀. Òmíràn ni kí ẹ béèrè.