Àmì Ìdí Ọta àti Ojú Iṣẹ́ Ọwọ́: Èwo Ni Ká Gbára Lé?

Bí ẹbí kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, bá jogún ìkarahun idẹ ọta àgbá, tí wọ́n ní bàbá ńlá wọn tó jagun lábẹ́ àwọn Faransé ní 1914 sí 1918 ló fín ọnà sí lára, ọ̀nà méjì ni a lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àkọ́kọ́ ni kíka àmì tí ilé iṣẹ́ lù sí ìdí rẹ̀. Nídìí ọta Faransé oníwọ̀n mìlímítà 75, a sábà máa ń rí “75 DE C” (75 de campagne, ìyẹn àgbá 75 ti ojú ogun) àti ọdún ní nọ́ńbà méjì, bíi 16 fún 1916. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n rọ idẹ nìkan ni èyí ń sọ. Oníṣòwò lè fín in lẹ́yìn ogun fún títà.

Ọ̀nà kejì, èyí tí mo fara mọ́ jù, ni wíwo ojú iṣẹ́ náà gan-an. Ẹni tó fi ìṣó àti òòlù ṣiṣẹ́ máa ń fi ojú ìlù kéékèèké sílẹ̀, tí ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, tí lẹ́tà orúkọ sì lè fún mọ́ra ní ìparí ìlà nítorí pé àyè ti tán. Iṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń dọ́gba. Bí ojú fífín bá ń dán yanran nígbà tí ara idẹ tó kù ti ṣú, ẹ fura. Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ irú ohun bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rí yẹn kì í padà. Àmì ìdí ní tirẹ̀ máa ń fara da fífọ̀, ó sì ń tú irọ́: 1915 tí a kọ sára ọta tí wọ́n rọ ní 1917 kì í ṣe ọdún tí wọ́n fín in.